Mùílì Tó Pa Ilà Ojú Fàdákà Rẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá ka ìtàn yìí dé ìdajì tó gbé e jù sílẹ̀, bí ẹni jẹ iyán tí kò rí ọbẹ̀ ni. Ẹ kà á dé òpin, kẹ́ ẹ tún fún ẹlòmíì kà.

1.
Lọ́dún tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ lé pọ́n-ún lọ, ahunṣọ kan wà n'Ísẹ́yìn tó ń jẹ́ Mùílì. Bàbá ẹ̀ kú, ó fi àpò awọ kan sílẹ̀ fún un. Owó fàdákà àtijọ́ ló kún inú ẹ̀, ńláńlá, dúdú bí ìdí ìkòkò. Bàbá sọ ọ́ títí ẹnu ẹ̀ fi bó pé owó ọba òkè òkun ni, pé bàbá bàbá òun ló gbé e bọ̀ láti etí òkun. Aráàlú ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Bàbá Onírọ́ Fàdákà ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín pàápàá, ẹnì kan béèrè bóyá wọ́n ti sin irọ́ náà mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò nínú Mùílì. Ohun tó ń fẹ́ láyé ò ju kí orúkọ bàbá ẹ̀ mọ́.

2.
Ọkùnrin kan, Ọ̀gbẹ́ni Cornelius, wá láti Ìbàdàn wá ra aṣọ òkè. Ibi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ jọ sí ló ti ń ṣiṣẹ́. Mùílì mú ẹyọ méjì jáde fún un. Cornelius fi irin òòfà kan ọ̀kan, kò lẹ̀ mọ́ ọn. Ó gbé e sórí ìka, ó fi ìkejì ta á. Ohùn tó jáde dùn, ó sì gùn débi pé ewúrẹ́ tó ń jẹko n'Ígbòho gbórí sókè. Ó wá yọ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá.

"Ẹ wá wò ó," ló rọra wí.

Mùílì wò ó. Òpó méjì dúró lójú òkun, ìgbì ń ru lábẹ́ wọn. Ayé méjì rìbìtì gbé ara lé ara láàárín, adé ọba wà lórí wọn. Ewé wẹ́wẹ́ tò yí etí ẹ̀ ká. Òun tí kò rí omi tó ju Odò Ògùn lọ rí, òkun ló gbé dání yìí.

"Owó ọba Sípéènì ni," Cornelius ní. "Ó ti lé ní igba ọdún. Òpó yìí, ewé etí ẹ̀, dúdú ara ẹ̀, ilà ojú ẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n ṣe ń fi ilà mọ ọmọ ìlú, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń fi mọ òun náà."

"Bàbá mi ò purọ́?"

"Bàbá yín ò purọ́. Tí Iléyá bá kọjá, màá mú ọ̀gá mi wá kó wá sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé."

3.
Ká ní Mùílì lọ sùn ni, ìtàn ti parí. Ṣùgbọ́n ó ń rò ó pé ọ̀gá ńlá ń bọ̀, ṣé ohun tó dúdú báyìí lòun máa fi kò ó lójú? Ó fẹ́ kó dán débi tí ojú àwọn ẹlẹ́yà máa fọ́. Ó da gbogbo ẹ̀ sínú eérú àti iyanrìn, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, Àsíátù, tó ti gbọ́ ohun tí Cornelius sọ, bá a níbẹ̀. "Mùílì, kí lò ń bó láwọ báyìí?"

"Ohun tí bàbá fi sílẹ̀ ni, Ìyá Ràsáàkì. Ṣé ẹ̀yin náà kì í fọ ìkòkò tọ́dún bá dé ni?"

"Ìkòkò mi ò nílà lójú. Ṣé ará Ìbàdàn yẹn ló ní kó o fọ̀ ọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá ìkòkò yín sọ̀rọ̀."

Dúdú ò fẹ́ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Ni Mùílì bá gbé ọlọ, ó lọ̀ wọ́n bí ẹni lọ ata, ojú àti etí. Iyanrìn tó lò tó kọ́ mọ́ṣáláṣí. Nígbà tó ṣe tán, oòrùn Ìsẹ́yìn yọjú wò wọ́n, ìtìjú mú un, ó wọ inú ìkùukùu lọ.

4.
Ọ̀gá náà dé, àdúgbò pé jọ. Mùílì da fàdákà sórí aṣọ tó fọwọ́ ara ẹ̀ hun. Gbogbo èèyàn la ẹnu sílẹ̀. Ọ̀gá mú ọ̀kan, ó mú òmíì. Ó fi awò wá òpó, kò rí òpó. Ó wá òkun, òkun ti gbẹ.

"Fàdákà tòótọ́ ni," ló ní. "Ṣùgbọ́n ta ló rọ ọ́, níbo, ọdún wo? Mi ò lè sọ. Alágbẹ̀dẹ Ṣakí lè ti rọ irú ẹ̀ lánàá."

Mùílì kọjú sí Cornelius. "Ẹ̀yin ẹ ṣáà rí i. Ẹ sọ fún wọn."

"Mo rí i," Cornelius ní, ó ń wolẹ̀. "Ṣùgbọ́n ojú mi nìkan kì í ṣe ẹ̀rí."

Ẹnì kan rọra sọ ọ́ lẹ́yìn èrò pé, "Irọ́ bàbá ti wá dán o." Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ tí bàbá nìkan ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, àtibàbá àtọmọ ló wá ń jẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ohun ìjogún nílé, ẹ gbọ́ o: ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má ha á, ẹ má gbé e súnmọ́ ọlọ, àfi tẹ́ni tó mọ̀ ọ́n bá wò ó. Kì í ṣe gbogbo dúdú ni ìdọ̀tí. Òmíì, orúkọ bàbá ẹni ló wà níbẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́.