Wáyà Tí Ọ̀gá Fà Yọ

Obìnrin tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tẹjú mọ́ iná tó ń ṣẹ́jú lára àpótí díìsìkì tuntun. Ọjọ́ kẹta rèé tó ti so ó mọ́ ti àtijọ́, tí ẹ̀dà ìpamọ́ gbogbo fáìlì ilé-iṣẹ́ ń ṣí bọ́ sínú rẹ̀ láì dá iṣẹ́ ẹnikẹ́ni dúró.

Ọ̀gá já wọ yàrá tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. “Ṣebí mo ní kí o pa gbogbo kọ̀ǹpútà kí o tó bẹ̀rẹ̀? Elétí ikún! Bí fáìlì kan bá sọnù, o ò níṣẹ́ mọ́!”

“Ọ̀gá, ẹ gbọ́ ná—”

Ọ̀gá fi ìbínú fa wáyà àpótí àtijọ́ yọ. Kò sí kọ̀ǹpútà kan tó kú.

“Ẹ ṣé, sà. Ohun tó kù kí n ṣe nìyẹn,” ni obìnrin náà wí. “Gbogbo ẹ̀dà ti pé sínú tuntun kí ẹ tó wọlé.”

Ọ̀gá rọra jókòó. “Fi bí o ṣe ṣe é hàn mí.”

“Ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ mí.”

Ó sì bẹ̀ ẹ́, lójú gbogbo òṣìṣẹ́.