Verlene Stroud àti Ibojì Àwọn Ṣẹ́rókì

Àléébù Verlene Stroud ni pé bí ohun olóhun bá wù ú, kì í tọrọ ẹ̀. Á kàn ní tòun ni. Ohun tó sì wù ú jù láyé ni ẹ̀jẹ̀ àwọn Ṣẹ́rókì, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé. Kò sẹ́ni tí kò tíì gbọ́ ọ nílùú wọn ní Jọ́jíà pé ọmọ ọba Ṣẹ́rókì ni ìyá ìyá ìyá rẹ̀. Ẹ̀rí tó ní kò ju fọ́tò ìyá arúgbó kan tó dirun lọ. Àwọn Ṣẹ́rókì ò jọba rí, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ torí ìyẹn ba ìtàn dídùn jẹ́? Lọ́dọọdún, Verlene á de ìyẹ́ ẹyẹ mọ́rí, á lọ jókòó síwájú àwọn ọmọ iléèwé, wọ́n á máa pè é ní àgbà Ṣẹ́rókì.

Bó bá mọ sórí ìyẹ́ ẹyẹ, à bá rẹ́rìn-ín, ká máa lọ.

Ṣùgbọ́n ibojì àtijọ́ àwọn Ṣẹ́rókì wà lórí ilẹ̀ rẹ̀ létí odò, òkúta ni wọ́n fi ṣàmì sí i. Ẹnì kan fẹ́ ra ibẹ̀ kọ́ ilé epo. Ìjọba ìbílẹ̀ ní àfi kí àwọn tó ni òkú fọwọ́ sí i. Verlene bá fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀, ó ní Ṣẹ́rókì ṣáà lòun. Kí wọ́n tó ṣèpàdé lórí ẹ̀, ó ti ní kí katakata wọ́ àwọn òkúta náà dà sí kòtò.

Nadine Ketcher, ìyá Ṣẹ́rókì tó ń bá àwọn èèyàn rẹ̀ tọpa ìdílé, gbéra láti Okilahómà, ọ̀nà jíjìn tí wọ́n lé àwọn Ṣẹ́rókì lọ láyé àtijọ́, nítorí ibojì yìí. Bó ṣe wọlé ìpàdé ni Verlene sáré dì mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá o!"

Ó rí Nadine lára bí ẹni bá ìdin nínú ẹran. "Dúró níbẹ̀. Ìdílé ìyá ni àwa Ṣẹ́rókì fi ń mọ ara wa, méje péré sì ni wọ́n. Èwo lo ti wá?"

"Ti... ti ọba ni."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Nadine sì ti wo ilé. Ó yọ ìwé. "Mo tọpa ìdílé ẹ. Ṣé kí n kà á?"

"Ẹ kà á sókè! Kí wọ́n gbọ́!"

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ.

"Ìyá inú fọ́tò yẹn, ọmọ pásítọ̀ òyìnbó ni. Nígbà tí wọ́n ń lé wa kúrò níbí, ìjọba fi ilẹ̀ wa ta lọ́tìrì. Bàbá ọkọ ẹ̀ ló jẹ ẹ́. Ìbọn ni wọ́n fi lé àwọn tó wà lórí ilẹ̀ náà jáde, òkú wọn nìkan ni wọn ò lè kó lọ." Ó ká ìwé náà. "Ẹ gba ilẹ̀, ẹ gba orúkọ, ó wá ku òkú."

"Ṣùgbọ́n ìyá mi ló sọ fún mi..."

"Ṣé ìyá ẹ náà ló ní kó o fi katakata wọ́ ibojì?"

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ á bá a. Ọjà ilẹ̀ dàrú. Iléèwé ní kó má wá mọ́. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, adájọ́ ní kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó gbogbo òkúta náà padà. Àwọn tó ń pè é ní àgbà á páàkì mọ́tò sẹ́bàá títì, wọ́n á máa wò ó, èékánná rẹ̀ ti ya tán.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé òkúta kan dání. "Màmá Ketcher, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni kí n gbé èyí sí?"

Nadine wo ilẹ̀ tí katakata ti tẹ́ pẹrẹsẹ. "Orí ibojì ta lo ti gbé e? Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́ láyé."

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń wá orírun rẹ̀ gbọ́dọ̀ wo ìwé, kó sì gba ohun tó bá bá níbẹ̀, ì báà korò. Kéèyàn gba ìtàn ìyá rẹ̀ gbọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kó wá fi ìtàn ọ̀hún gba ẹnu olóhun sọ̀rọ̀, ìríra gbáà ni. Ìwọ tó ò ń ka èyí, bó o bá fẹ́ bá àwọn kan tan, kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ ẹ́.