Mẹ́sàn-án Ju Ọgọ́rin Lọ

Akọ̀wé tí wọ́n gbà síṣẹ́ lánàá ń wá ibi tí wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà lára fèrèsé.

Gbogbo ọ́fíìsì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tó ń yan òṣìṣẹ́, ló ròkè jù.

"Ọ̀gá, mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lọmọ yìí gbà nínú ìdánwò o! Ẹni tó gba ọgọ́rin wà nílé!"

"Kí ló wá dé tí ẹ̀rọ fi mú olódo?" ni ọ̀gá bi í.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tún táì pupa rẹ̀ ṣe.

"Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé nọ́ńbà ni máàkì, sà. Bí ọ̀rọ̀ ló ń kà á, àmì àkọ́kọ́ ló ń wò. Ó rí i pé 9 ju 8 lọ, ló bá ní 9 ju 80 lọ. Ìlà kan péré ni mo máa kọ, á sọ ọ̀rọ̀ yẹn di nọ́ńbà."

"Kọ ọ́ kíá. Kó o fi yẹ gbogbo ẹni tí ẹ̀rọ yìí ti gbà síṣẹ́ wò. Gbogbo olódo ń lọ sílé lónìí!"

"Igi wọ́rọ́kọ́ ló ń daná rú, sà! Ẹ jẹ́ ká yọ wọ́n!"

Ó kọ ìlà náà, ó sì tẹ̀ ẹ́.

Àwòrán akọ̀wé tuntun ló kọ́kọ́ jáde: 9.

Èkejì tẹ̀lé e: 8. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Táì pupa ló wà lọ́rùn rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n fara bo kọ̀ǹpútà, ó sì sáré pa ìlà náà rẹ́.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ ò ṣàṣìṣe o. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù fún ọmọ yìí. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."