Ife Pupa

Ó di ọdún kẹta tí sójà ti jáde nílé. Wọ́n rán an níṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sọ ibi tí wọ́n rán an lọ, kò sì padà. Ìyàwó rẹ̀, tí í ṣe aránṣọ, àti ìyá rẹ̀ jọ ń gbé yàrá méjì, àmọ́ wọn kò rẹ́. Ọ̀rọ̀ káfíńtà ìsàlẹ̀ ilé ló dá ìjà sílẹ̀. Káfíńtà ń wá ìyàwó, ìyá ọkọ gan-an ló sì ń bá a ṣalágbàwí!

"Ọwọ́ ẹ̀ kì í dilẹ̀, kì í sì mutí," ni ìyá àgbà wí. "Fẹ́ ẹ."

"Màmá, ọkọ mi ńkọ́?"

"Mo ní kó o fẹ́ káfíńtà. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Àbí ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i ni?"

Ìyá àgbà dìde, ó wọlé. Láti ọdún àkọ́kọ́ ló ti kó bàtà ọmọ rẹ̀ fún agbálẹ̀ òpópónà, ìyàwó kò sì dárí ẹ̀ jì í. Bó bá gbé oúnjẹ fún un, á gbé e kalẹ̀ gbì, á yíjú.

Nígbà tí ìjọba ṣòfin tuntun, pé ohun tí ará ìlú bá béèrè nípa iṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n dá a lóhùn, ìyàwó fi ẹ̀rọ ìránṣọ sílẹ̀, ó gba ọ́fíìsì wọn lọ. Wọ́n ní kó lọ kó bọ̀ títí bàtà rẹ̀ fi jẹ tán nísàlẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ààbò ìlú ni," ni wọ́n ń wí.

"Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo bá wá o!"

Ìyá àgbà ní, "Má lọ mọ́. Kì í ṣe gbogbo ohun téèyàn wá ló ń dùn nígbà tó bá rí i."

"Ìyẹn ẹ̀yin."

Níkẹyìn, wọ́n mú un wọ yàrá kan tí kò ní fèrèsé. Ọ̀gá onírùngbọ̀n kan bu omi fún un nínú ife pupa tí ẹnu rẹ̀ kán, ó dúró títí ó fi mu ún tán. Ó wá sọ ọ́. Ọdún tí sójà jáde nílé náà ló kú, ní ilẹ̀ ibòmíì tí ìjọba ní àwọn kò rán ẹnikẹ́ni lọ.

"Òfin gbà kí ẹ mọ̀," ni ọ̀gá wí. "Kò gbà kí ẹ sọ. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bó bá bọ́ lẹ́nu yín, ẹ ti pa wọ́n nìyẹn, ẹ̀wọ̀n sì ni."

"Ìyá ẹ̀ ńkọ́?"

Ọ̀gá yíjú sí ògiri. "Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ó búra. Lójú ọ̀nà, ó sunkún tán lẹ́yìn ògiri kan, ó nujú. Àánú ìyá àgbà ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́: arúgbó tí yóò máa retí ọmọ tí kò ní í dé, òun ni yóò sì máa purọ́ fún un.

Ó bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, wọ́n ní ara ẹ̀ le. Wọ́n ní ó ń bọ̀."

Ìyá àgbà wo ojú rẹ̀ tó wú. Ó sún lórí bẹ́ǹṣì kó lè ráyè jókòó.

"Jókòó, ọmọ mi," ló wí. "Ṣé ife pupa tí ẹnu ẹ̀ kán yẹn náà ni wọ́n ṣì fi ń bu omi fún èèyàn?"