Àtàǹpàkò Tèmi

Amọ̀ ti jẹ ìlà ìka àwọn ìyá amọ̀kòkò tán, ẹ̀rọ tó ń yẹ ìka wò lẹ́nubodè tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kì í dá wọn mọ̀. Ta ló ráyè wọn? Tí ẹ̀rọ bá ti kọ̀ wọ́n, àtàǹpàkò tèmi ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn, kí wọ́n máa lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá kan na ìwé ìrìnnà rẹ̀ sí mi. Amọ̀ tútù ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ má fi àkókò mi ṣòfò!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Àwòrán mi ló jáde, pẹ̀lú orúkọ mi.

Mo sáré tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ ní òun kò mọ̀ mí. Mo wo ìka mi: kò sí ìlà kankan níbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá náà ti dé fìlà iṣẹ́ mi. Ohùn mi ló fi sọ̀rọ̀:

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ bọ́ síta, ẹ má fi àkókò mi ṣòfò!"