Aṣọ́nú Bàbá

Kí Oyèníhùn tó gbálẹ̀ láràárọ̀, ó ti kúnlẹ̀ ti bàbá rẹ̀, ó ti fi etí lé ikùn rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

"A dúpẹ́, ọmọ mi," aṣọ́nú á dáhùn láti abẹ́ ojú àpá, ohùn bàbá gẹ́lẹ́.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ inú ni, àwọn dókítà ló rán an mọ́ bàbá níkùn nígbà tí wọ́n gé lára ẹ̀yà tó wà lẹ́yìn àpòlúkù rẹ̀. Bí omi tó ń mú oúnjẹ dà bá ń jò, tó fẹ́ máa jẹ ẹran ara rẹ̀, aṣọ́nú ni yóò kígbe. Ọ̀dọ̀ bàbá fúnra rẹ̀ ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.

Lónìí, òógùn bo bàbá, ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?"

"A dúpẹ́," bàbá fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn.

Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ìyá Oyèníhùn kú, bàbá jẹ́ kó jẹun yó ná kó tó túfọ̀ fún un.

Ó tún fi etí lé ikùn náà. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi ń jò ni?"

Bàbá ò la ẹnu.

"Oyèníhùn," ohùn náà pè é jẹ́jẹ́, "ṣé o ti jẹun?"