Orin tí Pẹ́pẹ́yẹ Fi Ń Mòòkùn

Ẹ gbè é o! Àlọ́ mi rì sínú odò, ó bá Pẹ́pẹ́yẹ níbi tó ti ń mòòkùn.

Bó bá ti rì, Ọ̀pọ̀lọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa kọrin létí odò, àwọn tó ń wòran á sì máa ka ègbè láti mọ bó ṣe pẹ́ tó lábẹ́ omi:

"Pẹ́pẹ́yẹ wọmi lọ."
*Rọra o!*

Èémí Pẹ́pẹ́yẹ kì í kọjá ègbè mẹ́wàá.

"Ọ̀rẹ́ mi, yára kọ ọ́," ni ó bẹ Ọ̀pọ̀lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ yára, ègbè di ogún, Pẹ́pẹ́yẹ sì ń yangàn.

Lọ́jọ́ tí gbogbo ẹranko wá wò ó, ọ̀fun ń dun Ọ̀pọ̀lọ́. Pẹ́pẹ́yẹ ní kí Ìgbín kọ ogún. Ìgbín ń fa orin náà gùn. Ní ègbè kẹfà, Pẹ́pẹ́yẹ dákú, omi gbé e léfòó.

Nígbà tó jí, ó ní, "Ìgbín, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ogún lo ní kí n kọ. O ò sọ pé ogún asáré ni."

Láti ọjọ́ náà, orí nìkan ni Pẹ́pẹ́yẹ ń kì bọ omi. Ìdí rẹ̀ á wà lókè.